Mọ́tò tó ń gbọ̀n, tó sì ń kú ní ìdúró: Ẹ wá ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ẹ tó ra páátì

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ ń wa mọ́tò tó ti pẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ gbéra ní Ìlọrá láàárọ̀, mọ́tò ń lọ dáadáa. Ẹ dé Fìdítì, ẹ dúró kí èrò kan sọ̀kalẹ̀, tàbí kí ẹ ra ọsàn àti ìbẹ́pẹ létí títì. Bí ẹ ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná báyìí, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó sì kú. Ẹ sítáàtì rẹ̀, ó dáhùn. Ẹ dé Mọ́níyà, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní pọ́lọ́ọ̀gì ni. Ẹ ra pọ́lọ́ọ̀gì. Èkejì ní pọ́ńpù epo ni. Ẹ rà á. Ẹ̀kẹta ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Owó ń lọ, àìsàn mọ́tò kò lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí kò ju rọ́bà kékeré kan tó ti là lọ, tí gígùn rẹ̀ lè má tó ìka ọwọ́.

Àsìkò tí a wà yìí kò fàyè gba irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, gbogbo wa la mọ ohun tí jálá epo kan ti di. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ló ń ran bíréèkì yín lọ́wọ́. Tí ìyẹn bá já lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí tírélà wà níwájú, tí òmíràn wà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló dà yẹn.

Ìdí nìyẹn tí a fi to àlàyé yìí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ kò ní láti jẹ́ mẹkáníìkì kí ẹ tó lò ó. Ohun tí ẹ máa fojú rí, tí ẹ máa fetí gbọ́, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ni afẹ́fẹ́ ń wá nínú ẹ́ńjìnnì?

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo bẹntiróòlù kì í sun epo nìkan. Epo àti afẹ́fẹ́ ló ń dà pọ̀ tó ń sun. Ìwọ̀n tó dára jù ni kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò epo 1. Tí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná kò ní mú dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n.

Bí písítìnnì ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ńṣe ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kí afẹ́fẹ́ yìí gbà wọlé: ó máa gba inú fíítà, ó máa gba inú páìpù ńlá, ó máa wá kọjá lára ìdérí kékeré tí wọ́n ń pè ní throttle. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìdérí yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń fà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti há. Agbára fífà tó wá wà nínú mánífóòdù nígbà yẹn ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fákúùmù.

Ẹ fi wé kéèyàn máa fi sítírọ́ọ̀ mu omi ọsàn. Tí sítírọ́ọ̀ bá ní ihò lára, ẹ máa fà títí, afẹ́fẹ́ lẹ máa mu ju omi ọsàn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà tó bá là, gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá jó, kílíìpù tó bá tú, ihò lára sítírọ́ọ̀ ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ tí kò gba ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò kà, á máa yọ́ wọlé.

Ìdí nìyí tí àìsàn yìí fi máa ń hàn nígbà tí mọ́tò bá dúró ju ìgbà tó ń sáré lọ. Ní ìdúró, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì nílò kéré, ìwọ̀nba díẹ̀ tó yọ́ wọlé ti tó láti dà á rú. Lórí eré, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà ti pọ̀ gan-an, èyí tó ń yọ́ wọlé kò jẹ́ nǹkan mọ́.

Mọ́tò kan yàtọ̀ sí èkejì

Àwọn mọ́tò oníkàbúrétọ̀, bíi Peugeot 504 tí ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ọdún 1975, kò ní kọ̀ǹpútà. Tí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé, kò sẹ́ni tó máa fi epo kún un. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á sì máa kú. Mẹkáníìkì á wá fi sukudiráífà yí síló sókè, tàbí kó ṣí epo sílẹ̀ sí i. Mọ́tò á dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo á máa lọ bí omi, ihò náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn mọ́tò tó ní kọ̀ǹpútà, bíi Nissan Micra tó kún ìgboro Ìbàdàn bíi takisí, tàbí Toyota Corolla tòkunbọ̀, yàtọ̀. Nínú èyí tó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ lẹ́yìn fíítà, afẹ́fẹ́ tó yọ́ wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ kò sí nínú ìṣirò. Epo á kéré sí afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára páìpù èéfín á rí i, á sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á wá máa fi epo kún un. Tó bá kún un títí tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, iná check engine á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Nínú èyí tó jẹ́ pé fákúùmù inú mánífóòdù gan-an ni sẹ́ńsọ̀ ń kà, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ tẹ iná díẹ̀ ni. Á fi epo sí i, síló á wá ga. Mọ́tò kò ní kú, ṣùgbọ́n á máa pariwo ní ìdúró, tí ẹ bá sì fi jíà dírífù sí i, ńṣe lá máa fẹ́ sáré lọ.

Àmì tí ẹ máa rí

- Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ní ìdúró, ó ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á balẹ̀ tí ẹ bá tẹ iná.
- Síló ga ju bó ṣe máa ń wà lọ. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké, tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, síló máa ń wà láàárín 650 sí 850 lórí aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì.
- Ẹ tẹ iná láti gbéra, mọ́tò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lọ.
- Ẹ ń gbọ́ ìró "ṣíììì" tàbí ìró bíi súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
- Bíréèkì le lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí síló yí padà nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.
- Iná check engine tàn, tí wọ́n sì rí kóòdù P0171, P0174, P0300 tàbí P0507 nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ scan yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmì kan ṣoṣo kò tó láti dájọ́. Pọ́lọ́ọ̀gì tó gbó máa ń jẹ́ kí mọ́tò gbọ̀n. Throttle tó dọ̀tí máa ń jẹ́ kí mọ́tò kú ní ìdúró. Ohun tí àwọn àmì yìí ń sọ ni pé ẹ kọ́kọ́ wá ihò, torí pé òun ni wíwá rẹ̀ kò gbówó lórí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ààbò

Ẹ gbé mọ́tò sí gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí wọ́n tì pa, èéfín mọ́tò máa ń pani láìrùn. Ẹ fa hándì bíréèkì, kí jíà wà ní ipò tí mọ́tò kò ti ní lọ. Ẹ ká apá aṣọ, ẹ tú ìborùn tàbí ṣéènì ọrùn kúrò. Fáànù tó ń lo iná mànàmáná lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí kódà nígbà tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀ yín sí. Àwọn kan máa ń fọ́n epo bẹntiróòlù sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè mọ ibi tó ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má gbà kí wọ́n ṣe é sí mọ́tò yín. Páìpù èéfín gbóná, wáyà pọ́lọ́ọ̀gì lè ta iná, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó fún mọ́tò láti jó. Omi ọṣẹ á ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ojú àti ọwọ́

Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ó wà ní pípa. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi fíítà, ẹ máa tẹ̀lé páìpù ńlá tó lọ sí throttle. Páìpù yìí ní ìṣẹ́po bíi ti àkọ́díọ̀nù. Ẹ tẹ ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ṣí, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú kì í sábà tó. Ibẹ̀ ló máa ń là sí. Páìpù yìí léwu méjì: afẹ́fẹ́ tí a kò kà ń gba ibẹ̀ wọlé, eruku náà sì ń bá a wọlé láìgba inú fíítà. Nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa tó wà lójú ọ̀nà oko wa, eruku yẹn ló máa jẹ ríìngì písítìnnì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo họ́ọ̀sì kéékèèké tó wọ ara mánífóòdù àti throttle. Ẹ mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ wo orí àti ìdí wọn. Họ́ọ̀sì tó dára máa ń rọ̀, ó sì máa ń padà sípò tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ti gbó á gan bí igi, á sán wẹ́wẹ́ lára, tàbí kó dẹ̀ kó sì wú torí pé ọ́ìlì ti jẹ ẹ́. Tí orí rẹ̀ bá ti fẹ̀ tó fi ń yọ̀ wọlé yọ̀ jáde lẹ́nu páìpù, kò tún dì mọ́.

Ẹ wò ó bóyá ẹnu páìpù kan wà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Wọ́n lè ti yọ nǹkan kúrò níbẹ̀ lọ́dún pípẹ́, kí wọ́n sì gbàgbé láti dí i. Ẹ wo ìdérí ọ́ìlì àti ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì náà, bóyá wọ́n jókòó dáadáa. Lára mọ́tò tó ń ka afẹ́fẹ́ lẹ́yìn fíítà, ìwọ̀nyí náà lè dà á rú.

Ìgbésẹ̀ kejì: etí

Ẹ sítáàtì mọ́tò, ẹ jẹ́ kó gbóná. Ẹ pa rédíò àti AC (ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wa tàn lẹ́yìn náà!). Ẹ wá rọ́bà oníhò tó gùn tó mítà kan, ẹ fi orí kan sí ẹ̀bá etí, kí ẹ máa gbé orí kejì yí ká àwọn họ́ọ̀sì àti ìṣẹ́po mánífóòdù. Ẹ má gbé e súnmọ́ fáànù tàbí bẹ́líìtì. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "ṣíì" tó le jù, ibẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Tí ìró náà bá jẹ́ pé inú mọ́tò lẹ ti ń gbọ́ ọ, nítòsí ẹsẹ̀ bíréèkì, hydrovac ni kí ẹ fura sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fún họ́ọ̀sì pa

Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu púláyà kó má baà gé rọ́bà, kí ẹ fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pọ̀ jẹ́jẹ́ nítòsí mánífóòdù, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Tí ara ẹ́ńjìnnì bá balẹ̀ nígbà tí ẹ fún ọ̀kan, ihò náà wà lára họ́ọ̀sì yẹn tàbí lára ohun tó so mọ́ ọn níwájú. Ìyípadà díẹ̀ lára họ́ọ̀sì tó ń fa èéfín ọ́ìlì kì í ṣe àìsàn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìyípadà ńlá lẹ ń wá. Ẹ má fún páìpù oníke, ó máa dá. Rọ́bà tó ti gan náà lè dá, ṣùgbọ́n èyí tó bá dá lọ́wọ́ yín nílé kò ní já lójú ọ̀nà mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: omi ọṣẹ

Àwọn ihò kan wà tí kò sí lára họ́ọ̀sì rárá. Ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kàbúrétọ̀ tàbí throttle, tàbí òrùka rọ́bà ìdí nọ́súù. Ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ mọ́ omi nínú ike tí a fi ń fọ́n omi. Ẹ fọ́n díẹ̀díẹ̀ sí ojú ìṣẹ́po, ibì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Tí síló bá yí padà, tàbí tí ẹ bá rí i pé ìfófòó ọṣẹ ń wọlé, ẹ ti rí i nìyẹn. Omi ló dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fọ́n omi sórí kọ́ìlì, wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, dìsíríbútọ̀, tàbí páìpù èéfín tó gbóná.

Lára Peugeot 504 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ṣọ́ ìdí kàbúrétọ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá ti tú u tó ọ̀pọ̀ ìgbà, tí wọ́n sì ń de bóòtù rẹ̀ le jù, ìdí rẹ̀ lè tẹ̀. Irin tó tẹ̀ kò ní bá gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mu. Ẹ tún wo họ́ọ̀sì tó lọ sí dìsíríbútọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọrùn láti gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀rọ scan, géèjì àti èéfín

Ibí ni owó ti ń wọ̀ ọ́ díẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, àti mọ́tò epo bẹntiróòlù tí wọ́n tà tuntun ní ilẹ̀ Yúróòpù láti ọdún 2001, ní ojú ihò tí ẹ̀rọ scan lè bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníscan ka kóòdù nìkan kó sì gbowó. Kóòdù P0171 kò sọ pé kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀. Ohun tó sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ.

Ẹ ní kó ṣí ibi tí wọ́n kọ fuel trim sí. Iye yìí ń sọ epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń dín kù. Tó bá wà láàárín 10 lókè òdo àti 10 nísàlẹ̀ òdo, kò burú. Ẹ kà á ní ìdúró, kí ẹ tún tẹ iná dé nǹkan bíi 2,500, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì tún kà á.

- Tó bá ga ní ìdúró, tó sì wá sílẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ iná, ihò ni ẹ máa wá.
- Tó bá dára ní ìdúró, tó wá ga nígbà tí ẹ tẹ iná, epo ni kò tó: ẹ wo fíítà epo àti pọ́ńpù.
- Tó bá ga níbi méjèèjì, ó lè jẹ́ epo, ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí, ó sì lè jẹ́ ihò tó tóbi gan-an.

Ẹ ò rí i pé ìlà mẹ́ta yìí lè gba owó pọ́ńpù lọ́wọ́ yín, ó sì lè dá a padà fún yín.

Fún mọ́tò tí kò ní ojú scan, mẹkáníìkì tó ní géèjì fákúùmù lè so ó mọ́ mánífóòdù. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń wà láàárín 17 sí 22 ní ìdúró, tí ọwọ́ géèjì kò sì ní máa mì. Ilẹ̀ wa ga díẹ̀ ju etíkun lọ, torí náà tó bá dín ní nǹkan bí 1, ẹ má fòyà. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tó wà nísàlẹ̀ 15, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé, ó sì lè jẹ́ pé táímìnnì ló ti sún. Tó bá ń já wálẹ̀ léraléra ní ìṣísẹ̀ kan náà, ẹ béèrè nípa fáàfù.

Tí gbogbo èyí kò bá fi ihò hàn, àwọn ibi ìtúnmọ́tò ńlá kan ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín wọ mánífóòdù nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Ibi tí èéfín bá gbà yọ, ibẹ̀ ni ihò wà.

Họ́ọ̀sì bíréèkì: èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré

Abọ́ dúdú ńlá tó wà lẹ́yìn ibi tí a ń bu ọ́ìlì bíréèkì sí ni hydrovac. Fákúùmù ẹ́ńjìnnì ló ń lò láti fi kún agbára ẹsẹ̀ yín. Họ́ọ̀sì kan tó nípọn ló so ó mọ́ mánífóòdù. Tí họ́ọ̀sì yìí bá là, ìyà méjì ló ń jẹ yín: ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, bíréèkì á sì le. Bíréèkì kò ní parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ máa ní láti fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, mọ́tò á sì jìnnà kó tó dúró.

Ẹ lè dán an wò nílé, ní ìdúró, láìlo irinṣẹ́ kankan:

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún títí tó fi le. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹ wá sítáàtì mọ́tò. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ rì wálẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá rì, hydrovac kò rí fákúùmù gbà.
2. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ pa á. Ẹ tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí èyí tó tẹ̀lé e máa ga sí i. Tó bá le láti orí àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ti wọlé.
3. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì láìgbé ẹsẹ̀. Ẹ kà dé ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gòkè.

Fáàfù kékeré kan wà lára họ́ọ̀sì yìí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà kan ṣoṣo, láti hydrovac lọ sí ẹ́ńjìnnì. Tí mẹkáníìkì bá yọ ọ́, kó fẹnu fẹ́ ẹ. Tó bá ń gba ìhà méjèèjì kọjá, ó ti bàjẹ́. Mọ́tò tó bá kùnà nínú ìdánwò yìí, ẹ má gbé e lọ Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a nílé.

Àwọn họ́ọ̀sì yòókù, níwọ̀n ìgbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà ní ṣíṣí

Họ́ọ̀sì rèdíétọ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá tutù. Tó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lẹ́bàá kílíìpù, tàbí tó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ó ti tó pààrọ̀. Àbàwọ́n funfun tàbí ti ewé lẹ́nu ìṣẹ́po túmọ̀ sí pé omi ń jò. Tí họ́ọ̀sì bá ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí mọ́tò tutù, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí rèdíétọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí yẹn láéláé nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná.

Họ́ọ̀sì epo: tí ẹ bá gbọ́ òórùn epo, ẹ má sítáàtì mọ́tò. Ẹ wá ibi tó tutù lára rọ́bà. Epo nínú mọ́tò onínọ́súù máa ń rìn pẹ̀lú agbára ńlá, ó ju ti oníkàbúrétọ̀ lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́wàá, torí náà họ́ọ̀sì tirẹ̀ yàtọ̀.

Họ́ọ̀sì bíréèkì ìdí táyà: tó bá ti sán, tó wú, tàbí tí ọ́ìlì ti ń rin ara rẹ̀, kò sí àtúnṣe, pípààrọ̀ ni.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun

Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páátì ní Ọ̀yọ́ tàbí ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, Ìbàdàn. Kí fífẹ̀ inú rẹ̀ bára mu. Ẹ má gba họ́ọ̀sì omi fún iṣẹ́ fákúùmù, torí pé ó lè fún pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà. Ẹ má sì gba họ́ọ̀sì fákúùmù fún epo, torí pé epo máa jẹ ẹ́. Họ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tí wọ́n gé lára mọ́tò mìíràn lè ti pẹ́ bíi tiyín, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ ge ẹnu rẹ̀ kó gún. Tó bá ṣòro láti wọ̀, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe ọ́ìlì. Kí kílíìpù tó dára wà lórí rẹ̀. Rọ́bà tíúbù táyà tí a fi ń so nǹkan, àti wáyà, lè gbé yín délé lọ́jọ́ tó burú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ìṣó tàbí bírò dí ẹnu họ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá dí èyí tó ń fa èéfín ọ́ìlì, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn gbà jò.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún mẹkáníìkì

Ẹ má sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀." Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Ọ̀gá, ó ń gbọ̀n ní ìdúró, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ tí mo bá tẹ iná. Mo gbọ́ ṣíì lápá ọ̀tún mánífóòdù. Nígbà tí mo fún họ́ọ̀sì yìí, ó dákẹ́." Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí pé ẹ ti bá a dín iṣẹ́ kù. Èyí tó bá fẹ́ kàn yí síló sókè láìwò ó, ẹ ní kó dúró ná. Síló gíga kì í wo ihò sàn, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo àwọn rọ́bà yìí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì ṣe ìdánwò bíréèkì mẹ́ta yẹn kí ẹ tó rìnrìn àjò gígùn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ẹ fi ojú ewé yìí pamọ́ sórí fóònù yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí awakọ̀ tí ẹ mọ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.